Gbólóhùn Oníbejì

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Ojú tì mí lónìí, ojú tì mí gan-an. Alátáì ka ìjábọ̀ mi sókè níwájú gbogbo súpáfáísọ̀. Alátáì ni máníjà wa — bí ilé ìfọṣọ ṣe gbóná tó yẹn, táì kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ń kà á díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ gbóná. Aṣọ pọ̀. A lọ aṣọ. A parí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́, bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi. Súpáfáísọ̀ yàrá ìfọṣọ fi ife tíì bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.

Oṣù kejì mi rèé nípò súpáfáísọ̀ àwọn tó ń lọ aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu, mo gbọ́ ọ. Ti orí ìwé ni èmi pẹ̀lú ẹ̀ kò tíì mọra. Alátáì kò sì gbọ́ Yorùbá rárá, tí ǹ bá fi ẹnu gba ara mi sílẹ̀.

Mo sọ fún Àǹtí Ooru nígbà ìsinmi. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, ooru ibẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí lọ́jọ́sí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na etí aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí ìka kò fi ní bá a lọ. Òun ló tiẹ̀ yẹ kó di súpáfáísọ̀, ìwé tí kò mọ̀ ni kò jẹ́. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, òun ló kọ́kọ́ jó. Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá jókòó ti ìwé, á mọ̀ ọ́n. Wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ, jàre."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Mo ti forúkọ sílẹ̀. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Gbogbo yàrá ń rùn gọ́ọ̀mù. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn bí olè.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Mo ti rí nǹkan o! Mo ti rí i!

Tíṣà wa kúrú, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ń mi fèrèsé. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Lónìí ó kọ “not only” sí apá òsì pátákó, ó kọ “but also” sí apá ọ̀tún, ó wá dúró sáàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní tí a bá fẹ́ sọ nǹkan méjì nípa ẹnì kan, a lè so wọ́n pọ̀ lásán, èyí àti èyí, kó tán síbẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé, tí wọ́n bá fẹ́ kí èkejì wúwo ju èkíní lọ, ibi tí wọ́n ń sá sí nìyí. Èyí tí ẹni tó ń kàwé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó ṣáájú. Èyí tí kò retí ni kó kẹ́yìn. Ó ní ká lọ wo ìpolówó ọṣẹ, ká lọ wo lẹ́tà àwọn tó ń wá iṣẹ́, ká lọ wo ohun tí wọ́n ń kọ nípa òkú. Ọṣẹ yìí kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń fọ̀, ó tún ń mú kí aṣọ rọ̀. Olóògbé kì í ṣe bàbá rere nìkan, ó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ gbogbo àdúgbò.

"Tí ẹ bá ti sọ pé kì í ṣe èyí nìkan," Tíṣà ní, "ẹni tó ń kàwé ti na ọwọ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i lọ́wọ́."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo ní, "Tíṣà, ìbejì ni! Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n." Tíṣà pàtẹ́wọ́. Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí, kì í sì í ṣe láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn oníbejì. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta

Ọkọ mi — Ẹlẹ́rìn-ín lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀ — bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní kì í ṣe pé mo ti jẹun nìkan, mo tún ti fọ abọ́. Ó ní, "Kì í ṣe pé orí ẹ ti dàrú nìkan, o tún fẹ́ da tèmi náà rú." A rẹ́rìn-ín títí tí ará ilé kejì fi kan ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹta

Mo ń rí oníbejì níbi gbogbo. Lẹ́yìn páálí ọṣẹ. Lára ògiri ilé oníṣègùn eyín. Nínú ìwé ìròyìn tí Ẹlẹ́rìn-ín fi di bàtà. Báwo ló ṣe wà lójú mi látọjọ́ yìí tí mi ò rí i?

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Mo fi ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Oníbejì mẹ́ta nínú ojú ìwé kan! Kì í ṣe pé a parí aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì lásìkò nìkan, a tún bá yàrá kejì ká tiwọn. Ó dùn lẹ́nu mi bí nǹkan míì. Mo kà á fún dígí kí n tó fún Alátáì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Mo mú ẹ̀dà ẹ̀ lọ fún Tíṣà. Ó ní mẹ́ta ti pọ̀ jù, iyọ̀ ni, ẹyọ kan ti tó ìkòkò kan. Ó tún ní kí ìbejì jọra: tí Táyé bá jẹ́ ohun tí èèyàn ṣe, kí Kẹ́yìndé náà jẹ́ ohun tí ó ṣe. Mo gbọ́. Àmọ́ mẹ́ta ń wù mí.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Àárọ̀ dára. Alátáì dá ìjábọ̀ mi padà, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ẹ̀ pé ó dára gan-an, pé kí àwọn súpáfáísọ̀ yòókù wá wò ó kí wọ́n kọ́gbọ́n. Ẹni tó fi ife bo ẹnu lọ́jọ́sí wá yá a.

Ọ̀sán kò dára. Aṣọ jó. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sinmi, aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan há sẹ́nu ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ dá dúró, irin gbígbóná ń sun ún. Kí a tó dé ibẹ̀, èéfín ti bo òkìtì èyí tí wọ́n ti lọ̀ tán, gbogbo ẹrù hòtẹ́ẹ̀lì ló pọ́n tó ń rùn. Díẹ̀ ló kù kí iná sọ. Àǹtí Ooru kò sí nídìí ẹ̀rọ. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi ló wà.

Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Alátáì ní òun fẹ́ ìjábọ̀ lórí aṣọ tó jó kí n tó lọ sílé. Ó ní kó já gaara bíi ti ọ̀sẹ̀ yìí, hòtẹ́ẹ̀lì ló ń lọ. Kò kúrò lórí mi. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi ìka kàn án.

Mo kọ “not only”. Kì í ṣe pé obìnrin yìí jẹ́ kí aṣọ jó nìkan — mo wá dúró. Kò sí èkejì. Kí ló tún ṣe? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nídìí ẹ̀rọ yẹn, aṣọ ìnujú kan kò jó lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Mo lè pa ìlà yẹn rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Mo wo ìka Alátáì lórí tábìlì. Mo kọ èkejì: pé ó tún fi ẹ̀rọ gbígbóná sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ó kà á, ó mi orí. Ó ní èyí gan-an ni òun ń sọ.

Òfin ilé iṣẹ́ wa wà lára ògiri pẹ̀lú àwòrán iná. Ẹni tí aṣọ bá jó lọ́wọ́ ẹ̀, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gbígbóná sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, ilé ló ń lọ. Mo mọ òfin yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ló fẹ́ ẹ. Kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Tíṣà náà sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta

Jẹ́ kí n yára kọ ọ́ kí n tó rí ọ̀nà fi dárà sí i.

Alátáì pe Àǹtí Ooru sí ọ́fíìsì. Àǹtí ti fọ ọwọ́, ó ti bọ́ fìlà iṣẹ́, ó jókòó sétí àga bí àlejò. Alátáì na ìjábọ̀ sí mi, ó ní kí n kà á fún un lédè wa, kó lè sọ tẹnu ẹ̀. Ìwé tí èmi fúnra mi kọ. Mo gbé e lé orí itan.

Mo ní, "Àǹtí, wọ́n ní aṣọ jó lọ́wọ́ yín."

Mo dákẹ́ síbẹ̀. Táyé nìkan ni mo bí.

Àǹtí ní, "Òótọ́ ni. Aṣọ jó. Bá mi bẹ̀ wọ́n, àbúrò."

Alátáì bi mí bóyá ó gba gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo yíjú sí Àǹtí, mo ní, "Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí." Ó tiẹ̀ yíjú sí Alátáì fúnra ẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Alátáì na bírò sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà ó gbá mi léjìká. "O ṣeun, àbúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ níbẹ̀. Ká ní ẹlòmíì ló kà á, kí ni ǹ bá gbọ́?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé yìí, síbẹ̀ mo ṣì ń parọ́ fún un. Ó tó.

Lọ́jọ́rú, Àǹtí Ooru kò ṣàdédé wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi ni mo pè é. Ìwé tí Alátáì fi bírò pupa yìn mí ni mo fẹ́ kà fún un. Kò sẹ́lòmíì tó wà nítòsí, ó sì ń hó nínú mi, mi ò lè dúró kí ìsinmi ẹ̀ tó kàn. Mo ń pariwo láti ọ́fíìsì, "Àǹtí, ẹ wá gbọ́! Ẹ wá gbọ́ o!" Ó nàka sí ẹ̀rọ. Mo ní, "Kò ní pẹ́. Ṣé èmi kọ́ ni súpáfáísọ̀ ni? Mo fún yín láyè." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wá. Mo ka àwọn oníbejì mi fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo túmọ̀ wọn, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n tún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kà. Mo tún un kà. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbóòórùn.

Nítorí náà ó gba àṣẹ. Èmi ni mo fún un. Tí mo bá kọ òtítọ́ sínú ìjábọ̀ yẹn, orúkọ mi ló máa jáde níbẹ̀. Mo ní gbólóhùn ló fẹ́ èkejì. Irọ́ ni. Gbólóhùn kò fẹ́ nǹkan kan, inki ni. Èmi ni mo ń wá ibi tí mo máa sá sí, gbólóhùn dáadáa kan sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ojú ń tì mí. Mo jókòó sínú yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi, ojú sì ń tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti lé e. Ó kó sálúbàtà ẹ̀, ife ẹ̀, dígí kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó kí gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin kò lè gbà á gbọ́. "Nítorí aṣọ tó jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ọkùnrin yìí burú o. Kò láàánú." Wọ́n ń pòṣé.

Mo bá wọn pòṣé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí kíláàsì torí mi ò fẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín máa wo ojú mi nílé. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, mo bi Tíṣà pé tí èèyàn bá ti kọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò wá sí ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ó ń nu pátákó, kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní, "Kó fi àmì sí i kó dúró. Ta ló ń lé e?" Ó ní àwọn akọ̀ròyìn ń ṣe é gan-an nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ kan, wọ́n á wá ìkejì kún un kí ọ̀rọ̀ lè dún. "Ó máa ń dún lóòótọ́," ó ní. "Ẹni tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ ló máa ń gbọ́ ọ jù." Ó bi mí pé ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí, sà.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Ó wá sílé mi.

Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo fẹ́ẹ̀ sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé kó ní mi ò sí nílé. Kí n tó lanu, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àǹtí ti rù. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó ní òun ti lọ sí ilé ìfọṣọ méjì, ibi tí òun bá dé, wọ́n á ní kí ló dé tí ibi àkọ́kọ́ fi lé yín. Tí òun bá ní aṣọ ló jó, wọ́n á wo òun bí ẹni pé òun fi nǹkan pa mọ́. Wọ́n ní aṣọ kan kì í lé èèyàn lọ.

Ó wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí Alátáì. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ. Fi gbólóhùn yẹn sí i, èyí tó o kà fún mi. Sọ pé kì í ṣe pé mo ń bẹ̀ wọ́n nìkan, pé mo tún ń…" Kò rí èkejì. Ó rẹ́rìn-ín ara ẹ̀. "Ìwọ ni kó o wá èyí tó kù."

Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé àánú òun ló ń ṣe mí. Ó fà mí mọ́ra, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ẹlẹ́rìn-ín má baà gbọ́. Ó ní, "Nǹkan kan wà o. Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo pè mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, mi ò sì ní sọ ọ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò ni. Tí èmi bá ti lọ, tí wọ́n tún lé ìwọ náà, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀ fún àwa tá a wà nísàlẹ̀? Tèmi nìkan ti tó. Má fi tìẹ kún un."

Mi ò mọ bí mo ṣe sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí tí mo tà, òun ló ń bò mí láṣìírí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ̀. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O mọ̀ pé tó o bá sọ ọ́, o lè padà sídìí ẹ̀rọ." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ṣebí ìdí ẹ̀rọ náà ni mo ti rí ẹ fẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

Mo kọ lẹ́tà. Mo fà á ya. Mo tún un kọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, oníbejì á fẹ́ yọjú: kì í ṣe pé mo ṣàṣìṣe nìkan, mo tún kábàámọ̀ ẹ̀. Wò ó! Ó ti ń bá mi fi ìpara kun ẹ̀ṣẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ mí di ẹni rere kí ìlà tó parí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó rí i kọ, ìlà díẹ̀. Mo pè é kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo fún un láyè. Mo kọ ọ́ pé kò gba àṣẹ. Nígbà tí ẹ ní kí n kà á fún un, mo fo ibẹ̀. Kò mọ ohun tó fọwọ́ sí.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹta

Mo fún Alátáì. Ó kà á. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ló halẹ̀ mọ́ mi. Mo ní rárá. Ó tún un kà. Ó ní, "O lè jáde." Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi di ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ bóyá kí n gbá ilẹ̀ ni tàbí kí n máa kó ẹrù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹta

Èsì dé. Àǹtí Ooru máa padà ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìkìlọ̀ lórí aṣọ tó jó. Èmi kì í ṣe súpáfáísọ̀ mọ́. Alátáì ní òun ìbá lé mi, lẹ́tà yẹn ni kò jẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n gbé mi sí, ẹ̀gbẹ́ Àǹtí, torí ẹni méjì ló ń na aṣọ sí i: ọ̀kan mú etí òsì, ọ̀kan mú etí ọ̀tún. Inú mi fúyẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo tiẹ̀ rò ó pé ó ti tán.

Kò tíì tán. Àǹtí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ayọ̀ ń bọ́ lójú ẹ̀. "Àbúrò! Wọ́n ti pè mí! Wọ́n ní kí n padà lọ́jọ́ Ajé! Mo sọ fún wọn nílé pé lẹ́tà ẹ máa ṣiṣẹ́!" Ó fà mí wọlé, ó fún mi lómi tútù, ó ń ká aṣọ tó gbẹ lórí àga, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo lè jókòó síbẹ̀ kí n mu omi mi. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un láéláé. Alátáì kò gbọ́ èdè ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ ohun tí mo kọ, mo sọ òfin tó lé e, mo sọ ibi tí mo fò nígbà tí mo ń kà á. Mi ò sọ pé jìnnìjìnnì bá mi. Mi ò sọ pé mo kábàámọ̀. Mo ti mọ ibi tí irú ìyẹn ń lọ.

Kò pariwo. Ó mú aṣọ ìnura kan, ó ká a, ó tún tú u, ó tún un ká. Ó wá bi mí pé, "Ní ọjọ́ yẹn, tí mo jókòó tí mò ń wò ẹ́ lẹ́nu. O rí i nínú ìwé, o sì fò ó?"

Mo ní, "Mo fò ó, mà."

"Èmi sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ká aṣọ yòókù tán. Ó gbé wọn wọ yàrá. Nígbà tó jáde, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ohun tó sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Mo tètè dé. Mo nu ẹ̀rọ, mo to aṣọ sílẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ó wọlé, àwọn obìnrin ń kígbe ayọ̀, wọ́n ń dì mọ́ ọn, òun náà ń bá wọn ṣàwàdà, ohùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó wá dé ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, màdáámù."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú ẹ̀, kò sí àwàdà níbẹ̀, kò sì sí ìbínú. Ó mú etí aṣọ tirẹ̀, ó ń retí kí n mú tèmi. "Ẹ fà á díẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó dọ́gba." Ní gbogbo àárọ̀, ẹ ṣe báyìí, ẹ mú ibẹ̀, ẹ rọra, ìka yín. Ó bọ̀wọ̀ fún mi títí agogo ìsinmi fi dún. Obìnrin tó tó bí mi.

Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ pè mí bẹ́ ẹ ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Ó tẹ etí aṣọ mìíràn sẹ́nu ẹ̀rọ, kò wò mí.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní.